Nígbà tí Eré Ìtàgé Di Ewì Ìyìn: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè láti Inú Ìtumọ̀ Àtijọ́ Kan

Ìfáárà
Ògbufọ̀ ni gbogbo olùkọ́ èdè abínibí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Ìgbàkígbà tí a bá kọ ọ̀rọ̀-ìperí lítíréṣọ̀ kan sí ojú pátákó, ìtumọ̀ ni a ń ṣe. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtumọ̀ àtijọ́ kan wò, láti fi hàn pé ọ̀rọ̀-ìperí tí kò bá ohun tí ó ń tọ́ka sí mu lè ṣi àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́nà fún ọ̀pọ̀ ìran.

Ìtumọ̀ Náà
Ní sẹ́ńtúrì kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, Aristotle, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Gíríìkì, ṣe ìwé kan lórí ewì. Ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún jù níbẹ̀ ni tragōidia, ìyẹn eré ìtàgé tí ènìyàn pàtàkì ti ń ti inú ọlá bọ́ sínú àgbákò nítorí àṣìṣe kan, tí àánú àti ìbẹ̀rù yóò sì mú òǹwòran. Ó tún mẹ́nu ba kōmōidia, eré apanilẹ́rìn-ín.

Abu Bishr Matta ibn Yunus, tí ó kú ní 940, ni ó túmọ̀ ìwé yìí sí èdè Lárúbáwá ní Baghdad. Inú èdè Síríàkì ni ó ti túmọ̀ rẹ̀, nítorí kò gbọ́ Gíríìkì. Irú eré ìtàgé bẹ́ẹ̀ kò sí ní àwùjọ rẹ̀; ewì ni wọ́n ní. Nítorí náà, ó fi madīḥ, ewì ìyìn, dípò tragōidia, ó sì fi hijāʾ, ewì èébú, dípò kōmōidia. Àwọn olùkọ́ èdè Hausa yóò rántí madahu tiwọn, tí òun àti madīḥ yìí jọ ti inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Lárúbáwá kan náà wá.

Ohun tí Ó Ti Ibẹ̀ Jáde
Ibn Sina, tí ó kú ní 1037, yá ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà lò bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n Ibn Rushd (1126–1198) di madīḥ mú, ó sì ń wá àpẹẹrẹ rẹ̀ nínú ewì Lárúbáwá àti nínú Kùránì. Ní 1256, Hermannus Alemannus túmọ̀ àlàyé Ibn Rushd sí èdè Látìnì ní Toledo. Báyìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé Yúróòpù ṣe kà á pé iṣẹ́ ìyìn ni tragōidia. William of Moerbeke túmọ̀ ìwé náà tààrà láti inú Gíríìkì ní 1278, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kà á.

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi Abu Bishr ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀dà Gíríìkì tí ìtumọ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá dàgbà ju àwọn ìwé àfọwọ́kọ Gíríìkì tí ó ṣẹ́kù lọ. Títí di òní, àwọn tí ń ṣàtúntò ìwé Aristotle ṣì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Òye kò wọ́n ọn. Ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí ni ó ń wá orúkọ fún.

Ẹ̀kọ́ fún Wa
Èkíní, kí a tó sọ nǹkan lórúkọ, kí a kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe láàárín àwọn tí ó ni ín. Èkejì, bí a kò bá ní irú rẹ̀, ó sàn kí a yá ọ̀rọ̀ náà tàbí kí a ṣàpèjúwe rẹ̀ ju kí a fi ohun mìíràn rọ́pò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn tí ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sábà máa ń pe oríkì ní ewì ìyìn, àwa náà sì ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì ń yìn, ó ń bú, ó ń pa ìtàn mọ́, kì í sì í fi àléébù baba ńlá ẹni pamọ́. Àṣìṣe Abu Bishr ni àwa náà ń ṣe, lórí ohun ìní ara wa.

Iṣẹ́ Kíláàsì
Kí olùkọ́ mú oríkì orílẹ̀ kan wá. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya ìlà ìyìn, ìlà ẹ̀fẹ̀ àti ìlà ìtàn sọ́tọ̀, kí wọ́n sì sọ bóyá “ìyìn” nìkan tó o pè. Olùkọ́ èdè Hausa lè lo kirari. Kí olùkọ́ èdè mìíràn lo ohun tí ó jọ ọ́ ní èdè tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ṣe èyí kò ní yára fi orúkọ ohun kan pe òmíràn mọ́.