Tọkọtaya Tí Ó Gbógun ti Sòbìà

Ẹ̀yin ọmọ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ mọ ariwo ọkọ̀ òfurufú tí ń lọ balẹ̀ ní Ìkẹjà. Kì í ṣe gbogbo èrò inú rẹ̀ ni ó wá ṣe fàájì.

Jimmy Carter ṣe Ààrẹ Amẹ́ríkà títí di ọdún 1981. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, òun àti Rosalynn, ìyàwó rẹ̀, kò jókòó sílé. Wọ́n wá sí Nàìjíríà láti gbógun ti sòbìà.

Inú omi adágún ni sòbìà ti ń wọ ara ènìyàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, aràn gígùn yóò dá egbò sí ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ kò ní lè roko. Ọmọ kò ní lè rìn dé ilé ìwé. Kò sí oògùn rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni àjọ wọn ń pín. Aṣọ lásán!

Ní ọdún 1988 sí 1989, àwọn tí sòbìà ń dà láàmú ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Ọdún 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn.