Kí A Tó Dé Àgbádárìgì: Ẹ̀kọ́ Tó Wà Létí Ọ̀sà àti Létí Òkun

Láti ọjọ́ tí a ti gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹskọ́ṣọ̀n sáà yìí gbé wa dé Àgbádárìgì, ọ̀rọ̀ bíìṣì ló gba ẹnu gbogbo èèyàn. "Ṣé wọ́n máa jẹ́ ká wẹ̀? Ṣé a máa ya fọ́tò?" Kò burú. Àwa ará Ìsarà kò ní etí òkun, oko àti obì la mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sọ pé kí wọ́n yọ àwọn ibi ìtàn kúrò nínú ètò, pé kí a kàn ṣeré létí omi ká sì máa bọ̀ nílé, torí pé ọ̀rọ̀ ẹrú ń ba ọkàn jẹ́. Àwọn ni mo fi àpilẹ̀kọ yìí dá lóhùn. Ní Àgbádárìgì, a ò lè ya ẹwà etí omi kúrò lára ìtàn rẹ̀. Omi tí a fẹ́ lọ ya fọ́tò rẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀nà tí wọ́n gbà kó èèyàn lọ.

1. Ọ̀sà kì í ṣe òkun

Ẹ jẹ́ ká ti orí Jọ́gíráfì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Àgbádárìgì lè rò pé òkun ló wà níwájú òun. Rárá o, ọ̀sà ni. Omi jẹ́jẹ́ ni. Ó nà lọ sápá Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ó sì nà lọ sápá Èkó. Lódì kejì rẹ̀ ni ilẹ̀ iyanrìn tóóró kan wà tí wọ́n ń pè ní Gberefu. Ìgbì òkun ló kó iyanrìn náà jọ títí ó fi dà bí ògiri láàárín omi méjèèjì. Ẹ̀yìn Gberefu ni òkun gan-an wà.

Kí ni èyí já sí? Ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè sún mọ́ èbúté, torí ìgbì le, omi etíkun kò sì jìn tó. Ńṣe ni ọkọ̀ máa ń dúró sí ọ̀ọ́kán, tí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n á máa kó ẹrù lọ bá a. Ṣùgbọ́n inú ọ̀sà, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n lè rìn láìbẹ̀rù. Ìdí nìyẹn tí Àgbádárìgì, ìlú àwọn Ògù tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, fi di ìlú ọjà ńlá. Bí ilẹ̀ àti omi ṣe rí ló kọ́kọ́ sọ irú ìtàn tí ìlú náà máa ní.

2. Ọjà àti ogójì yàrá

Ọjà Vlekete ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé. Orúkọ òrìṣà kan tí àwọn Ògù ń bọ ni wọ́n fi pe ọjà náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ná èèyàn bí ẹní ń ná ewúrẹ́.

Láti ibẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ ká fo ilé Sẹ́ríkí Williams Abass. Ilé alámọ̀ ni, onílé ilẹ̀, yàrá rẹ̀ jẹ́ ogójì. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹrú pa mọ́ sí títí ọkọ̀ á fi dé. Àǹtí mi tó ń gbé lọ́nà ibẹ̀ mú mi lọ ní ìsinmi tó kọjá. Ìgbà tí mo wọ yàrá kan, ohun tí mo ṣàkíyèsí ni fèrèsé: ó kéré, ó sì wà lókè. Èèyàn méjì tí a jọ wọlé ni inú yàrá ti kún lójú mi.

Ta ni Abass yìí? Kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Yorùbá ni, láti agbègbè Yewa, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí. Nígbà tó wà ní kékeré ni wọ́n mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú, wọ́n sì gbé e dé Brazil. Ó kọ́ èdè òyìnbó níbẹ̀, ó padà wá sílé, òun náà sì di ẹni tó ń bá wọn ta ẹrú. Ó di olówó àti olóyè ńlá kó tó kú ní 1919. Sàréè rẹ̀ wà nínú ọgbà ilé náà. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n tà ló padà wá di ẹni tó ń tà.

3. Gberefu

Tí a bá kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló máa gbé wa kọjá ọ̀sà. Kò pẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà ni a ó fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn, láàárín igi àgbọn, títí a ó fi gbọ́ ariwo òkun. Ó rẹwà lóòótọ́. Afẹ́fẹ́ tútù, àgbọn ń mì, òkun lọ bí ilẹ̀ bẹẹrẹ. Òpó méjì ni wọ́n rì mọ́lẹ̀ síbi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àìpadà. Ọ̀nà iyanrìn tí a bá fi ẹsẹ̀ wa rìn yẹn, orí rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè gbà kọjá.

Irú ibi báyìí pọ̀ létíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ilé olódi Elmina wà ní Gánà, tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1482. Ẹnubodè ìrántí sì wà létí òkun ní Ouidah, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

4. Àwọn kan padà

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé etí omi kan náà ni ìwé gbà wọlé. Ní 1842, lábẹ́ igi Àgíà, ni Thomas Birch Freeman ti wàásù. Igi náà wó ní 1959, wọ́n sì ti gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ síbẹ̀. Kò jìnnà síbẹ̀ ni ilé alájà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ parí ní 1845. Ó ṣì dúró dòní.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845 yẹn náà ni Samuel Ajayi Crowther gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Gbogbo wa la mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe dé ọ̀hún. Ogun kó o ní Òṣogùn ní 1821, nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé wọ́n fi òun pàrọ̀ ẹṣin nígbà kan. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n tà á títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Potogí ti rà á. Ní 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú náà mú lójú òkun, wọ́n sì gbé wọn lọ sí Freetown. Ó lé ní ogún ọdún kó tó padà sílẹ̀ Yorùbá. Ó dúró ní Àgbádárìgì fún bí ọdún kan ààbọ̀ kí ọ̀nà Abẹ́òkúta tó ṣí. Ní oṣù kẹjọ 1846, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

5. Ta ló jẹ̀bi?

Tí a bá bi ara wa ní kíláàsì, ìdáhùn tó máa ń yá wa lẹ́nu ni "òyìnbó ni". Òótọ́ ni. Àwọn ló gbé ọkọ̀ wá, tí wọ́n gbé ìbọn àti ọtí wá. Oko ìrèké Brazil àti Cuba ló sì ń pè fún ẹrú. Kódà lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà ní 1807, kò tíì dáwọ́ dúró.

Ṣùgbọ́n ta ló mú Àjàyí ní Òṣogùn? Ta ló fi í pàrọ̀ ẹṣin? Èèyàn dúdú ni. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwa Rẹ́mọ náà, ọ̀nà wa sí Ìkòròdú létí ọ̀sà jẹ́ ọ̀nà òwò láti ìgbà pípẹ́. Ìlú ọjà wo láyé ogun yẹn ló lè nu ẹnu rẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan kan? Mi ò sọ èyí láti dá òyìnbó láre. Mo sọ ọ́ torí pé tí a bá fo apá tiwa nínú ìtàn náà, a ò ní mọ irú ẹni tó ń ṣe é lónìí. Àwọn tó ń tan ọ̀dọ́ lọ sí ìlú òkèèrè pé iṣẹ́ wà, tí wọ́n sì ń tà wọ́n, kì í ṣe àjèjì. Aládùúgbò ni, mọ̀lẹ́bí ni nígbà mìíràn.

6. Bí a bá débẹ̀

Kí kálukú mú ìwé kékeré kan dání, kó fa ìlà sí àárín rẹ̀. Apá kan, "ohun tí mo fojú ara mi rí". Apá kejì, "ohun tí wọ́n sọ fún mi". Fún àpẹẹrẹ, àwọn tó ń fi èèyàn mọ ọ̀nà níbẹ̀ máa ń sọ pé agboòrùn kan ni wọ́n fi ń ra ogójì ẹrú. Wọ́n tún máa ń sọ pé omi kànga kan wà ní Gberefu tí ẹrú bá mu, á gbàgbé ilé. Agboòrùn wà níbẹ̀, kànga náà wà, a lè fojú rí wọn. Iye tí wọ́n tà á àti agbára omi náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹ kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ má kọ wọ́n sápá kan náà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ṣe ń ṣe nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ ká ya fọ́tò wa, ká jẹ àgbọn, ká fẹsẹ̀ tẹ omi òkun. Kò sí ẹni tó ní kí a má yọ̀. Ká sáà mọ ilẹ̀ tí a dúró lé lórí.

Ìbéèrè fún gbogbo kíláàsì: (a) Kí ló dé tí ọkọ̀ ńlá kò fi lè gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì? (b) Ṣé ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú rí ní àwáwí kankan tó bá di olówò ẹrú? Ẹ kọ ìdáhùn yín, kí ẹ jù ú sínú àpótí Press Club ṣáájú ọjọ́ Ẹtì. Èyí tó bá dára jù, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.