Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Olóko Kòkó

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Atosin, ṣùgbọ́n ẹ wo bí kòkó ṣe ń kúrò lóko ní gbogbo ilẹ̀ Ìdànrè: a ká a, a fọ́ ọ, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà, a sá a, a gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Bí àwọn bàbá wa ti ṣe é nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń tọ̀, bó bá sì ti dí, gbogbo wa la jọ ń sunkún. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé. Ní 2025, ó já wálẹ̀ gan-an. Wọn ò bi olóko léèrè nígbà tí owó náà ń gòkè, wọn ò bi í nígbà tó ń wálẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ dá òwò tuntun sílẹ̀, kó mú ohun kan tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà láìjiyàn, kó dojú rẹ̀ dé. Gbogbo wa gbà pé hóró lowó, pé ìdọ̀tí ni ìyókù. Tó bá jẹ́ pé inú ìyókù yẹn lowó wà ńkọ́?

Ẹ wo èèpo. Òun ló wúwo jù lára ọmọ kòkó, ìdí igi la sì ń dà á sí, níbi tó ti ń jẹrà, tó ń tọ́jú àrùn tó ń sọ ọmọ kòkó di dúdú dè wá. Bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá wa ti mọ̀ ọ́n lò tipẹ́. Wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á sun ún di eérú, wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á fi àdín sè é títí yóò fi dì. Ọṣẹ dúdú nìyẹn, tí àwọn ará London àti New York ń fi owó gidi rà lónìí.

Omi dídùn tó ń ro lára kòkó tí a bò ńkọ́? Ilẹ̀ ló ń mu ún níbí. Ní Gánà, ilé iṣẹ́ Koa, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ń gbé ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn lọ bá olóko nínú oko, ó ń fún omi náà, ó ń sanwó rẹ̀ lọ́tọ̀, hóró sì ṣì kù fún olóko láti tà.

Ẹ lè ní, “Owó dà?” Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má ta oko, ẹ má yáwó. Ẹ kó èèpo apẹ̀rẹ̀ kan, kí ẹ bá ìyá tó mọ ọṣẹ í sè ṣàdéhùn. Ẹ má gbé ọṣẹ náà fún ẹbí, nítorí ẹbí yóò yìn ín. Ẹni tí kò mọ̀ yín rí ni kí ẹ tà á fún. Ẹni tó yìn ín tí kò rà á kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹni tó padà wá rà á lẹ́ẹ̀kejì ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Kí ẹ tó gbé e wọ ìgboro, ẹ gba nọ́ńbà NAFDAC. Bí ẹ bá fẹ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀, ẹ kàn sí ilé ìwádìí kòkó, CRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964 ní Ìdí-Ayùnrẹ́ nítòsí Ìbàdàn.

Ìkórè ńlá kì í pẹ́ dé. Ẹ jọ̀wọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ fọ́ kòkó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da gbogbo èèpo náà nù.