Irinṣẹ́ Tí Ó Yẹ fún Ṣíṣe Ọkọ̀ Òfuurufú Àwòṣe Ńlá

Ọkọ̀ òfuurufú àwòṣe tí a ń fi rédíò darí kì í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ó ní apá àti ìrù, ó ní ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ níwájú, bí ti ọkọ̀ òfuurufú gidi. Ẹni tí ń darí rẹ̀ kò wọ inú rẹ̀. Orí ilẹ̀ ni ó dúró sí, tí ó ń fi rédíò ọwọ́ rẹ̀ pàṣẹ fún un. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí iṣẹ́ yìí ti gbilẹ̀, bí apá ọkọ̀ bá gùn tó íǹṣì 80 láti ìkángun kan dé èkejì, ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ń pè é. Òmíràn wà tí ó wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá já lu àwùjọ láti òkè, ọ̀ràn ẹ̀mí ni. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹni tí yóò ṣe é mọ irinṣẹ́ tí ó tọ́, kí ó sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1937, àwọn ìbejì kan, Walter àti William Good, ti ìlú Kalamazoo ní ìpínlẹ̀ Michigan, fò ọkọ̀ àwòṣe kan tí apá rẹ̀ gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Walter kan ọkọ̀, William sì ṣe rédíò rẹ̀. Guff ni wọ́n sọ ọkọ̀ náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian sì ni ó wà títí di òní.

Irinṣẹ́ kìíní ni tábìlì tí ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orí rẹ̀ ni a ó tẹ́ àwòrán iṣẹ́ sí, tí a ó sì to igi apá lé e lórí. Bí tábìlì bá wọ́, apá ọkọ̀ yóò lọ́. Bí apá bá lọ́, afẹ́fẹ́ yóò gbé ẹ̀gbẹ́ kan ju èkejì lọ, ọkọ̀ yóò sì máa yí dànù. Ẹni tí kò ní tábìlì tí ó dára lè lo ilẹ̀kùn onípákó tí kò wọ́. Kí a na òwú le dáadáa láti igun kan sí èkejì, yóò fi kòtò àti gegele hàn.

Èkejì ni ohun ìwọ̀n: rúlà irin gígùn, téèpù, àti irin onígun tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ń lò. Bí bíríkìlà ti ń fi okùn wọn ìpìlẹ̀ ilé láti igun dé igun, bẹ́ẹ̀ ni oníṣẹ́ yìí yóò wọn láti ìkángun apá ọ̀tún dé ẹ̀yìn ìrù, àti láti ti òsì dé ibẹ̀ kan náà. Bí iye méjèèjì kò bá dọ́gba, apá kò jókòó dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ohun ìgé: ọ̀bẹ tín-ín-rín, ayùn eléyín wẹ́wẹ́, àti sáńpépà tí a lẹ̀ mọ́ igi gígùn tí ó tọ́. Igi balsa, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti ilẹ̀ Ecuador wá, ni a sábà ń lò. Ìbátan igi àràbà ni, ó sì fúyẹ́ gidigidi. Ọ̀bẹ tí ó kú kì í gé e, ńṣe ni ó ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nítorí náà, kí a máa pààrọ̀ ọ̀bẹ kí ó tó kú.

Ẹ̀kẹrin ni ohun ìdìmú: píìnì, kíláǹpù, àti òkúta tí a fi ń tẹ igi mọ́lẹ̀ títí góòmù yóò fi gbẹ. Bí a bá ń po góòmù tàbí tí a bá ń fá igi, kí a ṣí fèrèsé, kí a fi aṣọ ìbomú bo imú, kí a sì wọ awò ojú.

Ẹ̀karùn-ún ni ohun èlò irin àti wáyà: ẹ̀rọ tí ń lu ihò, sukudiráfà, ẹ̀mú, irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ òjé láti so wáyà pọ̀, àti ẹ̀rọ tí ń wọn agbára bátìrì. Ẹ́ńjìnnì epo pẹtiróòlù a máa gbọ̀n púpọ̀, ó sì lè tú súkúrù láìsí ẹni tí yóò gbọ́. Kí a fi góòmù tí a ṣe fún súkúrù dè wọ́n, kí a sì máa yẹ̀ wọ́n wò kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ẹ̀kẹfà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé, ni òṣùwọ̀n. Ìrù jìnnà sí ibi tí ọkọ̀ ti ń dọ́gba ju imú lọ. Nítorí náà, ìwúwo díẹ̀ ní ìrù yóò béèrè òjé púpọ̀ ní imú. Kí ènìyàn méjì fi ìka gbé ọkọ̀ lábẹ́ apá, ní ibi tí àwòrán iṣẹ́ fi hàn. Bí ìrù bá tẹ̀ sílẹ̀, kí a má fò ó: ọkọ̀ tí ìrù rẹ̀ wúwo kò gba ìdarí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, ọkọ̀ àwòṣe kan tí Maynard Hill, ará Amẹ́ríkà, ṣe, fò láti Newfoundland ní Kánádà dé Ireland, ó sì lo nǹkan bíi wákàtí 39 lójú òfuurufú. Pẹ̀lú epo tí ó gbé, kò wúwo tó kìlógíráàmù 5. Ẹni ọdún 77 ni Hill nígbà náà, ojú rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ni ó gbé ọkọ̀ náà kọjá òkun, bí kò ṣe ìwọ̀n tí ó péye.

Bí owó kò bá pọ̀, kí a kọ́kọ́ wá tábìlì, ohun ìwọ̀n, ọ̀bẹ àti òṣùwọ̀n. Ẹ̀rọ oníná lè dúró di ọdún mìíràn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.