Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Olùkọ́: Fóònù àti Ayọ̀ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́



Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé Fate, tàbí Tanke tí ó wà nítòsí rẹ̀, mọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ti pọ̀ tó láàrin wa. Ìbéèrè oṣù yìí ni èyí: ǹjẹ́ Facebook, Instagram àti irú wọn a máa fi kún ayọ̀ wọn, tàbí wọn a máa bù ú kù?

Ní oṣù Èrèlé 2004 ni a dá Facebook sílẹ̀ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Láti ibẹ̀ ni ó ti ń wọ àwọn yunifásítì mìíràn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ láti fi ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti dé wé èyí tí kò tí ì dé. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, wọ́n rí i pé níbi tí ó dé, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn pọ̀ sí i; ohun tí wọ́n sì kà sí ìdí rẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ara rẹ̀ wé ẹlòmíràn.

Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ti ka Sáàmù 73. Ásáfù wo ọrọ̀ àwọn tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yẹ̀. Bákan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó mu gàrí sùn nínú yàrá tí àwọn mẹ́ta jùmọ̀ háyà. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó dúró ti ọkọ̀ tuntun, ó rí òmíràn tí ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù. Kò rí gbèsè, kò rí òtútù, kò rí omijé. Gbogbo aṣọ kọ́ ni a ń sá sí oòrùn. Lójijì, ìyá rẹ̀ tí ń fi èrè ọjà san owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ dà bí ẹni tí kò ṣe ohunkóhun fún un. Níhìn-ín ni mo rí ewu náà: ayọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń sọnù, ọpẹ́ pẹ̀lú ń bá a lọ.

Síbẹ̀, kí olùkọ́ má ṣe dìde láti gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù 8 ní 2022, WhatsApp ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbúròó ara wọn. (Àwa àgbà pẹ̀lú, kí a sọ òtítọ́, a kò kẹ̀rẹ̀ nínú fífi àwòrán àríyá ránṣẹ́.)

Ní Yunifásítì Pennsylvania, ìwádìí kan tí ó jáde ní 2018 pín akẹ́kọ̀ọ́ 143 sí ọ̀nà méjì. Apá kan dín Facebook, Instagram àti Snapchat kù sí ìṣẹ́jú 10 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ 3. Apá kejì ń lò wọ́n bí ìṣe wọn. Ìdánìkanwà àti ìrẹ̀wẹ̀sì dínkù lára àwọn ti ìṣáájú. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni pé àníyàn dínkù lára apá méjèèjì, bí ẹni pé kíkíyèsí ara ẹni nìkan ti ní èrè tirẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ ka Sáàmù náà pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀, kí ó sì bi wọ́n pé: ta ni ẹ ń wò lórí fóònù tí ọkàn yín fi ń bàjẹ́? Kí wọ́n máa kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n ń lò sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3. Bí ó bá sì rí ẹni tí kò sùn mọ́, tí kò jẹun, tàbí tí ń sọ̀rọ̀ ikú, kí ó gbàdúrà fún un, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe dúró lórí àdúrà nìkan; kí ó mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó sì jókòó tì í níbẹ̀.