Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: Laptop Wo Ni Kí DJ Rà?

Ní Gbọ̀ngán, ó ṣòro kí ọjọ́ Sátidé kan kọjá kí a má gbọ́ ìró orin. Bí kò bá jẹ́ ìgbéyàwó, á jẹ́ òkú àgbà. Bí kò bá jẹ́ òkú àgbà, á jẹ́ ìkómọ tàbí ìwúyè. Ìlú tó wà ní oríta ni. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀nà Òṣogbo sì yà níbẹ̀. DJ tó bá ń gbé Gbọ̀ngán lè ṣeré ní Ìkirè lọ́sàn-án, kó sì ṣeré ní Òde-Òmu lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Láyé ọjọ́sí, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kó lọ sóde àríyá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì dé, lẹ́yìn náà ni sídì. Lóde òní, inú kọ̀ǹpútà alágbèéká, tí à ń pè ní laptop, ni orin gbogbo wà.

Ó lè jẹ́ ọmọ yín ni yóò wá bá yín lálẹ́ ọjọ́ kan, tí yóò dọ̀bálẹ̀, tí yóò ní: “Bàbá, mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nǹkan kún owó ọwọ́ mi, kí n lè ra laptop.” Owó kòkó ni owó náà. Ẹ mọ iye oòrùn tó pa yín kí ẹ tó rí i. Ẹ̀yin náà ti mọ ìwé kà báyìí. Ẹ jẹ́ kí a jọ ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ yìí kí owó tó kúrò lápò.

Bátìrì ni kí a kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò ó rárá. Wọ́n á ní, “Ṣebí iná wà lóde àríyá?” Iná wo? NEPA kì í sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó lọ. (Orúkọ NEPA ti parí láti ọdún 2005, IBEDC ló ń pín iná fún wa láti ọdún 2013, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò tíì gbà á.) Ká ní àwọn ọmọ olóògbé ń jó wọlé, àwọn ẹbí ti tò sẹ́yìn wọn nínú aṣọ ẹbí, iná wá lọ. Wọ́n á tan jẹnẹrétọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí bátìrì laptop bá dára, orin á bá eré lọ bí sípíkà ṣe ń gba iná padà. Bí bátìrì bá ti kú, laptop náà á kú. Ó di kí DJ tún un tàn, kó dúró dè é, kó tún wá orin kàn. Gbogbo ojú á sì máa wò ó. Ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lè ní òun kò san owó tó kù. Ta ni yóò tún pè é?

Báwo ni a ṣe ń mọ bátìrì tó ti gbó? Laptop tí DJ púpọ̀ ń rà, tòkunbọ̀ ni, ẹlòmíràn ti lò ó rí. Bí ó bá jẹ́ Windows ló wà nínú rẹ̀, ẹ ní kí ọmọ yín ṣí ojú ewé Command Prompt, kó tẹ èyí: powercfg /batteryreport. Ẹ̀rọ náà á kọ ìwé kan sílẹ̀ nípa bátìrì rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Design Capacity sí. Ìyẹn ni agbára bátìrì nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun. Ẹ wá Full Charge Capacity, èyí tó kù níbẹ̀ lónìí. Bí èkíní bá jẹ́ 48,000, tí èkejì sì jẹ́ 24,000, ìdajì ti lọ. Bátìrì tó ń gbé wákàtí mẹ́ta tẹ́lẹ̀ á máa gbé wákàtí kan ààbọ̀. Ẹni tó ń tajà lè fi ẹnu sọ ohunkóhun, ìwé yìí kì í bá a purọ́.

Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ràn ThinkPad T480, tó jáde lọ́dún 2018. Bátìrì méjì ló ní, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lẹ́yìn. A lè yọ tẹ̀yìn, kí a fi òmíràn sí i, láìpa ẹ̀rọ.

Ohun kejì ni nọ́mbà. Òǹtajà á ní, “Core i5 ni, Bàbá, kò séwu.” Ẹ má tíì dáhùn. Ẹ ka nọ́mbà tó tẹ̀ lé e. Bí ó bá jẹ́ i5-8250U, 8 ló ṣáájú, ìran kẹjọ ni. Bí ó bá jẹ́ i5-3320M, 3 ló ṣáájú, ìran kẹta ni, ó ti wà láti ọdún 2012. Bí ó bá jẹ́ i5-10210U, ìran kẹwàá ni. Àwọn méjì tó jẹ́ ìran kẹjọ sókè lè gba Windows 11. Ìran kẹta kò lè gbà á bó ṣe yẹ. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn tó ṣe Windows 10 ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. i5 ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n owó wọn kò yẹ kó dọ́gba.

RAM ńkọ́? 8 GB ni kó jẹ́. 4 GB á máa fà, orin á sì máa já.

Ibi tí orin ń sùn ni dísìkì. Oríṣi méjì ló wà. HDD ní àwo kan tó ń yí nínú rẹ̀. SSD kò ní ohunkóhun tó ń yí. Ẹ rántí ibi tí DJ ń jókòó sí: ẹ̀gbẹ́ sípíkà ńlá tó ń mi ilẹ̀ tìtì. Irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ lè dá HDD lágara, SSD kò kà á sí. Ẹ yan SSD. 256 GB tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Orin ìṣẹ́jú mẹ́rin tó dára máa ń gba nǹkan bí 10 MB, nítorí náà 1 GB á gba bí 100 orin. Fújì àti jùjú tó gùn tó ogún ìṣẹ́jú á gba ìlọ́po márùn-ún.

Ihò USB kò gbọdọ̀ dín ní méjì. Ọ̀kan fún ẹ̀rọ tí DJ fi ń po orin, ọ̀kan fún fláàṣì tí oníyàwó bá gbé wá. DJ gbọ́dọ̀ máa gbọ́ orin tó ń bọ̀ ní etí rẹ̀ nígbà tí àwọn èrò ń jó sí èyí tó wà lórí. Ihò kan ṣoṣo tó wà fún etí lára laptop kò lè ṣe méjèèjì. Kí ọmọ yín fi owó ẹ̀rọ ìporin yìí sí ìṣírò, kó má ná gbogbo owó tán sórí laptop.

Ètò ìporin kò fi dandan jẹ́ owó. Mixxx, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2001, ọ̀fẹ́ ni.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní MacBook ni àwọn fẹ́. Ẹ̀rọ rere ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá bàjẹ́ ní Gbọ̀ngán, ta ni yóò ṣí i? Èyí tí oníṣẹ́ Ìkirè tàbí Ìbàdàn lè tún ṣe, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà, ni mo fara mọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n yọ ṣájà, kí orin máa lọ fún odidi wákàtí kan. Ẹ jókòó tì í. Bí ó bá gbóná jù, tàbí tí orin ń já, ẹ dìde. Bí ẹ bá rà á, ẹ gba rìsíìtì tí a kọ nọ́mbà ẹ̀rọ náà sí.

ÌBÉÈRÈ
1. Wọ́n kọ i5-7300U sára laptop kan. Ìran kelòó ni?
2. Agbára bátìrì jẹ́ 50,000 nígbà tó wà ní tuntun. 20,000 ló kù. Ìdá mélòó nínú mẹ́wàá ló ṣẹ́ kù? Ṣé ẹ ó rà á?
3. Ọmọ yín ní 3,000 orin oníṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin. GB mélòó ni wọn yóò gbà?