Ríìmù Tó Ti Funfun: Bí A Ṣe Ń Dán An Nílé



Nínú ìwé ẹ̀yáwó tó dé iwájú ìgbìmọ̀ wa, ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń fi ọkọ̀ rẹ̀ ṣe takisí. Owó ríìmù mẹ́rin ni ó bèèrè, nítorí àwọn ti ara ọkọ̀ rẹ̀ ti funfun bí ẹni fi ẹfun kùn wọ́n, àwọn èrò sì ń sọ pé ọkọ̀ náà ti gbó. A ní kó má tíì yáwó, kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá a lè tún wọn ṣe. Ohun tí ojú wa rí níbẹ̀ ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ríìmù tí ẹ ní. Bí mágnẹ́ẹ̀tì bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin ni; irin ló ń dógùn-ún pupa. Àlùmíníọ́mù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bò ó, awọ yìí ló sì ń dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n bí iyọ̀ afẹ́fẹ́ òkun, ẹrẹ̀ àti eruku bíréèkì bá pẹ́ lára rẹ̀, á hu ohun funfun bí ìyẹ̀fun, á sì máa jẹ ihò wẹ́wẹ́. Èyí tí a fi króòmù bò, ẹ má fi sáńpépà kàn án rárá.

Ibi tí àwa ti ṣìṣe nìyí. Ọ̀kan nínú wa tó ń se ọṣẹ mú kọ́sítìkì sódà wá, a pò ó mọ́ omi, a dà á sí ríìmù kìn-ín-ní. Ó hó yeeye, a sì ń yọ̀ pé ìdọ̀tí ló ń jáde. Àṣé àlùmíníọ́mù gan-an ló ń jẹ! Nígbà tí a fi omi ṣàn án, ó ti dúdú, ara rẹ̀ ti rí págunpàgun. Ẹ̀yin ìyá tó ń se ọṣẹ kò jẹ́ da omi eérú sínú ìkòkò àlùmíníọ́mù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àwa la gbàgbé. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ tún lè gbaná. Omi bátìrì náà kò dára fún un. Ẹgbẹ́ ló san owó ríìmù yẹn.

Àwọn yòókù, a fara balẹ̀ ṣe wọ́n. Ẹ fi òkúta dí táyà tó kù kí ọkọ̀ má yí, ẹ má sì fi í sílẹ̀ lórí jáàkì nìkan. Ẹ fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ríìmù. Bí fánísì ara rẹ̀ bá ṣì dára, ẹ dúró níbẹ̀, ọṣẹ ti tó. Bí ó bá ti ń ṣí, ẹ ha gbogbo rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, sáńpépà tí a rẹ sínú omi: 400, kí ó tó kan 800, 1,200, títí dé 2,000. Ọmọ kan tó ń bá wa ṣe é fò láti 400 sí 2,000. Ilà tí 400 fà kò kúrò, ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ha ojú ihò nọ́ọ̀tì, ẹ má sì ha ibi tí ríìmù ti ń jókòó mọ́ ọkọ̀. Wàyí o, ẹ fi aṣọ rírọ̀ àti pọ́líìṣì irin kùn ún. Aṣọ náà á dúdú, ẹ má fòyà. Ẹ wá fi pọ́líìṣì oní-ìda tí a fi ń kun ara ọkọ̀ parí rẹ̀, kí ẹ sì máa tún un kùn lóṣooṣù, torí àlùmíníọ́mù tó wà níhòòhò á tún ṣú.

Níbi tí a ti ń fọ ẹ̀kẹta ni a rí i pé ó ti là láti etí wọnú. Ìdọ̀tí ló bò ó! Abájọ tí táyà yẹn ń jò, tí ọmọ ẹgbẹ́ wa ń sanwó fún vọkanáísà nígbà gbogbo. A kò dán an, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jó o. A ní kó gbé e sọnù. Ẹ̀yin tó ń ta ríìmù tokunbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán irú èyí fún oníbàárà.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rin bíi kìlómítà 50 sí 100, ẹ tún nọ́ọ̀tì fún. Ti ọmọ ẹgbẹ́ wa ti padà sójú ọ̀nà. Owó ríìmù kan ṣoṣo ló yá níkẹyìn.